Ìyá Yanrìn àti Ìyá Amọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó wà ní SS2 jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Bẹyẹrunka, ó ń há ìwé jọ́gíráfì sórí bí ẹni ń pe ọfọ̀: quartz, feldspar, quartz, feldspar. Mo ní kó fi quartz hàn mí. Ó ṣíwèé, ó nawọ́ sí àwòrán. Orí quartz gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìdílé ládùúgbò náà. Níbi tí omi ti ń kán láti etí òrùlé, ó ti ṣan amọ̀ lọ, yanrìn mímọ́ nìkan ló kù. Quartz ló pọ̀ jù nínú yanrìn yẹn. Amọ̀ tí àgbàrá gbé lọ ńkọ́? Feldspar ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó jẹrà.

Inú òkúta kan náà ni àwọn méjèèjì sábà máa ń wà. Silicon àti oxygen nìkan ni quartz ní. Feldspar tún ní aluminium, pẹ̀lú potassium, sodium tàbí calcium, ibẹ̀ sì ni ìyà rẹ̀ ti wá: òjò a máa fa àwọn wọ̀nyí yọ díẹ̀díẹ̀ títí òkúta á fi di amọ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí Friedrich Mohs fi lélẹ̀ ní 1812 láti mọ bí òkúta ṣe le tó, 7 ni quartz, 6 ni feldspar. Tí ẹ bá fọ́ feldspar, á là pẹlẹbẹ. Quartz á fọ́ játijàti bí ìgò.

Ẹ gun òkè Mápó kí ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ṣe sí ìlú wa. Quartzite ló gbé òkè náà ró, òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì quartz. Àwọn òkúta tí feldspar pọ̀ nínú wọn ní àyíká rẹ̀ jẹrà, wọ́n relẹ̀. Òun kò gbà. Orí agídí yẹn ni wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó sí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní ká kàn pè wọ́n ní “kúọ́ọ̀tì” àti “fẹ́díspà”, kó tán síbẹ̀. N kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò o. A ń pe “fáwẹ̀lì” lójoojúmọ́, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì ló ni Feldspat: “pápá” ni Feld, Spat sì ni òkúta tó máa ń là pẹlẹbẹ. Wọ́n wò ó kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwa tí a ń fi amọ̀ kọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́, kí ló dé tí a ò ní wò? “Akọ òkúta” ì bá dùn fún quartz, àmọ́ gbogbo òkúta líle làwọn bíríkìlà ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè wọ́n ní ìyá yanrìn àti ìyá amọ̀.

Kíá ló yé àbúrò mi. Ó bu yanrìn etí òrùlé, ó fi ra ọwọ́, ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé èyí náà ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì?” Mo ní òun ni. Ó wá fi pẹ́ńsù kọ orúkọ méjèèjì sí etí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní kọ wọ́n nínú ìdánwò, torí wọ́n á fún òun ní òdo.