Ewé Mọ́ínmọ́ín àti Igbó Wa

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Òwe àtijọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta igbó fún agégẹdú lónìí kò dà bí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn ewé mọ́ínmọ́ín yẹ̀ wò, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé eéran. Abẹ́ ibòòji igi ńláńlá ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Bí a bá já èyí tí ó gbó, tí a fi èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sílẹ̀, tí a kò sì hú ìdí rẹ̀, yóò tún rú. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ́ igi tí ó ṣíji bò ó, ewé yóò dínkù, oúnjẹ àwọn obìnrin tí ń já a tà yóò sì dínkù pẹ̀lú.

Èso rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1855 ni Daniell, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa adùn rẹ̀. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands yọ èròjà thaumatin inú rẹ̀ sọ́tọ̀, èyí tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A lè wí pé owó gẹdú pọ̀ ju owó ewé lọ. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ta igi tí a gé, àpò àwọn díẹ̀ ni owó rẹ̀ sì ń wọ̀. Ewé a máa padà wá sọ́jà lọ́dọọdún.

Òfin inú ìwé nìkan kò tó. Láti ọdún 1925 ni a ti ya Igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀, síbẹ̀ oko kòkó àti ayùn agégẹdú ń jẹ ẹ́ run. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí oúnjẹ nínú igbó tí ó dúró, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Nítorí náà, kí ìjòyè tí ilẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ya ibi tí ewé ń hù sọ́tọ̀, kí ó fi í sábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ń já a, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti lé ẹni tí ó bá hú ìdí rẹ̀ tàbí tí ó gbé ayùn wọ ibẹ̀. Kí àwa náà sì rà á ní iye tí yóò mú èrè wá fún wọn.

Asán ni kí a máa yin àṣà wa ní ìpàdé, kí a sì máa jẹ mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá ní ibi ìnáwó.