Kí ẹ tó ṣí ìgò kejì níbi àṣekágbá

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2024, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin jókòó sí ilé ọtí kan ní Ìbàdàn, à ń wo Super Eagles àti Côte d'Ivoire nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38, mi ò mọ ẹni tí mo dì mọ́. Gbogbo ilé ọtí ló dìde. Ẹnì kan da ọtí sí mi lára, mi ò bínú. Mo ní kí wọ́n gbé stout ńlá wá fún gbogbo tábìlì wa. Ìgò kẹta nìyẹn fún èmi. Fún ọ̀kan nínú wa tó ti débẹ̀ ṣáájú, ìgò kẹrin ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62, Haller fi èkejì kún un ní ìṣẹ́jú 81, ife di ti onílé. Èmi ò rí gólù Haller. Kì í ṣe pé wọ́n mú iná lọ o. Mo wà níbẹ̀, ojú mi là kalẹ̀, mo kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ọtí ti gbé mi kúrò nílé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó wò ó lórí fóònù.

Èyí kéré. Ọ̀rẹ́ wa tó mu ìgò mẹ́rin yẹn gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀nà ò jìn, kò tó kìlómítà méjì. Ó já sí gọ́tà, eegun èjìká rẹ̀ kán. Fóònù ló ń tún ṣe, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Oṣù méjì gbáko ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi wà ní títì. Èmi ni mo sanwó ìgò kẹrin yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nípa bíà lónìí. Ẹ dákun, ẹ má tíì sá. Mi ò gun orí pẹpẹ wá wàásù fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń mu, mo sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé àwa tá a lè fi odindi ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi sí àárín, a kì í fi ìṣẹ́jú kan ronú lórí ohun tá a fẹ́ mu fún wákàtí méjì. Èyí tó bá tutù jù la máa ń gbé. Tàbí èyí tí wọ́n ń mu lórí tábìlì kejì. Ó yẹ ká máa yan ọtí àṣekágbá bí ẹni tó mọ̀ pé eré náà lè pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgò fúnra rẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní àmì ìdá ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn, ABV ni wọ́n sábà máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ògidì ọtí inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Láágà tí a ń mu níbí sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 5. Stout lè tó 7.5. Guinness inú agbá tí wọ́n ń fà sí kọ́ọ̀bù ní Dublin, 4.2 péré ni. Ṣé ẹ rí i? Àwọ̀ dúdú kọ́ ló ń sọ bí ọtí ṣe le tó. Nọ́ńbà ni.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ìgò ńlá 60cl tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7.5 ní 45ml ògidì ọtí nínú. Ìgò kékeré 33cl tí tiẹ̀ jẹ́ 4.5 kò tó 15ml. Ìyẹn ni pé ìgò ńlá kan tó ìgò kékeré mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ wa tó ní ìgò mẹ́rin lòun mu, ká ní ìgò kékeré ni, ìgò méjìlá ló mu. Ta ló máa mu ìgò méjìlá, tó máa ní òun fẹ́ gun ọ̀kadà? Ṣùgbọ́n nítorí pé mẹ́rin la kà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Èmi náà ò dá a dúró.

Ẹlòmíràn á ní, "Èmi ò kì í mu ti gbogbo ayé, craft beer lèmi ń mu." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bíà tí àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ń pọn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bature Brewery ní ibùdó l'Abuja àti l'Ékòó, ilé ọtí kan ní Island sì wà tó jẹ́ pé ìwé orúkọ bíà wọn gùn ju ti oúnjẹ lọ. Inú mi dùn sí i, nítorí oríṣiríṣi ló ń jẹ́ kéèyàn lè yàn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. IPA, èyí tí òdòdó hop ń jẹ́ kó korò, sábà máa ń wà ní 6 tàbí 7. Àwọn stout tí wọ́n ń pè ní imperial lè kọjá 10. Wọ́n tún ní irú kan tí wọ́n ń pè ní session, tí kì í sábà kọjá 5, torí kéèyàn lè jókòó pẹ́ tì í ni wọ́n ṣe pọn ọ́n. Ẹni tó bá wọ ilé craft beer lálẹ́ àṣekágbá láìka nọ́ńbà, ó kàn ń fi owó púpọ̀ ra àṣìṣe kan náà ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní irú bíà yìí. Ṣebí àwọn ìyá wa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi sílẹ̀ títí yóò fi kan. Ẹ lọ bi ẹni tó ń pọn bíà ní Jámánì, ọ̀nà kan náà ló máa kà sílẹ̀ fún yín, ọkà barley ni yóò kàn fi rọ́pò àgbàdo. Ọkà tó ti hù yẹn ni wọ́n ń pè ní malt, ibẹ̀ sì ni malt tí ẹ̀ ń rà fún àwọn ọmọdé níbi ìsọmọlórúkọ ti gba orúkọ. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin de kíkó malt barley wọ̀lú ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo wa ni àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí ńlá sá padà sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ kan tó ń fi ọkà bàbà tàbí ohun ilẹ̀ wa pọn bíà, ẹ má wò ó bí aláfarawé. Ogún ló lọ gbà.

Ó wá kan eré fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àṣekágbá kì í gbọ́ràn. Ẹ rántí Qatar 2022. Argentina ń fi 2-0 na Faransé títí di ìṣẹ́jú 79, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jó. Mbappé jẹ méjì láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n wọ àfikún àkókò, Messi jẹ, Mbappé tún jẹ, ó di 3-3, ó wá di pẹnáritì. Ẹni tó ti mu gbogbo ọtí rẹ̀ tán ní ìdajì àkọ́kọ́, kí ló rí nínú àṣekágbá tí ọ̀pọ̀ ń pè ní èyí tó dùn jù lọ?

Ní ilé tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Atlanta 1996 níwájú òun. Lóru ọjọ́ tí Nàìjíríà pàdé Brazil, ó ti mu tó, Brazil sì ń fi 3-1 na wa. Ó ní ó ti parí, ó lọ sùn. Ariwo Kanu ló jí i, ó rò pé olè ló wọ àdúgbò.

Ohun tí èmi ń ṣe nísinsìnyí kò le. Mo máa ń jẹun kí wọ́n tó fọn fèrè. Ìgò kékeré kan tí kò le ni mo fi ń wo ìdajì àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá lọ sinmi, omi ni mo máa ń mu, nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà omi ni wọ́n ń mu. Ìgò kejì di ìdajì kejì. Tí ó bá wọ àfikún àkókò, mo ṣì mọ ẹni tó gba bọ́ọ̀lù fún ẹni tó jẹ ẹ́. Tí stout bá ń wù mí, mo máa ń pa á mọ́ di ìgbà tí wọ́n bá gbé ife sókè, màá fi ẹran súyà tì í, màá máa mu ún bí ẹni ń ka ìwé. Kò sì gbọ́dọ̀ tutù bíi yìnyín, torí òtútù ń pa adùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ata kún un. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ àsun tàbí ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́, ẹ má fi IPA tì í. Ìkorò àti ata kì í gbé pọ̀, ńṣe ni ẹnu yín máa jó, ẹ ó sì máa gbé ìgò léra wọn láti paná. Láágà tí kò le tàbí bíà àlìkámà ló dáa fún ata. Ohun tó ń mú kí ìyá ọlọ́tí ta ọjà púpọ̀ lálẹ́ àṣekágbá kì í ṣe gólù nìkan, ata wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ olówó ni mò ń sọ, pé ẹni tí kò ní ju owó ìgò kan lọ á ra èyí tó máa tètè yí i lójú. Mi ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ bí ìlú ṣe le. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 yẹn náà ni NAFDAC ń ti ilé iṣẹ́ ọtí inú ọ̀rá, ariwo sì sọ. Ṣùgbọ́n kíka nọ́ńbà ara ìgò kò gba kọ́bọ̀. Èèyàn méjì lè pín ìgò ńlá kan sí kọ́ọ̀bù méjì. Ẹni tí kò mu rárá náà kò gbọ́dọ̀ di ẹni ẹ̀sín lórí tábìlì. Àwa la máa ń sọ fún un pé, "Ṣé o ò kì í ṣe ọkùnrin ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí gọ́tà.

Òfin ló wá kù, torí iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti bá bíà àti bọ́ọ̀lù jà tipẹ́. Òfin kan wà ní England láti 1985 tí kò jẹ́ kéèyàn mu ọtí níbi tó ti lè rí pápá bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Brazil náà lé ọtí kúrò ní pápá, FIFA sì ní kí wọ́n dá a padà fún ife àgbáyé 2014, wọ́n ṣòfin tuntun nítorí rẹ̀. Qatar ní tiẹ̀ ku ọjọ́ méjì kí ife àgbáyé 2022 bẹ̀rẹ̀ kó tó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ta bíà ní àyíká pápá. Níbí, òfin FRSC ti 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí èèyàn wakọ̀ nígbà tí ọtí bá ti wọ̀ ọ́ lára, alùpùpù náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó di ọwọ́ mú ni òfin yẹn ń wá. Kò wá ẹni tó sanwó ìgò kẹrin.

Mo ti wá a nínú ìwé, mi ò rí ibi tí wọ́n ti lè mú mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi, tí ìyá rẹ̀ ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ìyá wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣé tí ẹ máa ń tọ́jú rẹ̀." Mi ò lè dáhùn.

Àṣekágbá míì ń bọ̀. Ẹ yan ọtí tó dùn mọ́ yín, ẹ gbìyànjú ti àwọn ilé ìpọntí kéékèèké wa, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Kí fèrè tó dún, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà àti ti mọ́tò lọ́wọ́ ara yín, ẹ kó o fún ìyá ọlọ́tí tàbí ẹni tó ń mu malt. Tí ọ̀rẹ́ yín bá sì ní kí ẹ ra ọ̀kan sí i fún òun, ẹ bi í léèrè báwo ló ṣe fẹ́ délé kí ẹ tó mówó jáde.