Kápúsù Kọ́ Ni Oògùn Ìjóná

Nígbà tí ọkọ̀ agbépo gbiná ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, iye òkú tí wọ́n kọ́kọ́ kéde kò tó ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá 150, nítorí pé àwọn kan tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn láàyè ń kú tẹ̀lé ara wọn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Táńkà lè gbiná, sìlíńdà gáàsì lè bú, ẹnìkan sì lè po bẹntiróòlù mọ́ kẹrosíìnì títí fìtílà fi bú mọ́ ọmọ lójú. Lọ́jọ́ tí iná bá jó ni ariwo máa ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fara jóná kì í sì í kú lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, nígbà tí àlejò ti dín kù lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ni kòkòrò àrùn máa ń parí iṣẹ́ tí iná bẹ̀rẹ̀.

Awọ ara ni odi tí Ọlọ́run mọ yí wa ká. Bí iná bá ti jó o, odi wó. Awọ tó ti kú á le gbagidi lójú egbò, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í dé ibẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn tí a gbé mì àti abẹ́rẹ́ tí a gbà káàkiri ara. Ìdí rèé tí oògùn fi lè kún ara aláìsàn, tí kòkòrò ṣì ń jayé lójú ọgbẹ́ rẹ̀. Ní bí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kòkòrò tó ti wà lára aláìsàn tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó le jù wọ́n lọ á ti gbapò: òmíràn á wá láti inú ìfun rẹ̀, òmíràn láti ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tàbí láti ẹnu ẹ̀rọ omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas wà lára àwọn tó burú jù. Ibi tó bá rin ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fura sí i kí èsì láàbù tó dé: bó bá ṣe ń tú báńdéèjì, gọ́ọ̀sì á ti ní àwọ̀ ewé, òórùn dídùn kan tó ń rin ni nímú á sì gba yàrá kan.

Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, a ti ba nǹkan jẹ́ nílé. Omi gbígbóná dà sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan gbé epo pupa, ẹlòmíràn ní ẹyin ni, ẹnìkẹta ti ń tẹ ọṣẹ ìfọyín jáde. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà kan á ránni lọ sí kẹ́míìsì pé kí wọ́n ra oògùn apakòkòrò Ampiclox wá. Wọ́n á ṣí kápúsù náà, wọ́n á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn á gan mọ́ ojú egbò, dókítà ò sì ní í tètè mọ bí iná ṣe wọlé tó. Ìwọ̀nba tó ríbi wọlé á pa kòkòrò tí kò lágbára, á ṣẹ́ èyí tó lágbára kù. Èyí tó kù yẹn ló máa bímọ, oògùn náà kò sì ní í ran àwọn ọmọ rẹ̀.

Alexander Fleming, tó ṣàwárí pẹnisílíìnì, kìlọ̀ nípa èyí lọ́dún 1945 nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ó ní ẹni tó bá lo oògùn náà ní ìlò tí kò tó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀. Ìwádìí tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 2022 fojú bù ú pé mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa lágbàáyé ní 2019. Ti Nàìjíríà nìkan lé ní 60,000.

Àìmọ̀ nìkan kọ́ ló ń sọ kòkòrò di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Nílé ìwòsàn, láàárọ̀, wọ́n á kọ ohun tí ẹbí aláìsàn máa rà lé wọn lọ́wọ́: ìbọ̀wọ́, gọ́ọ̀sì, omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ ọgbẹ́, ìpara ìjóná Dermazine, abẹ́rẹ́ apakòkòrò meropenem. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń gún meropenem, fún ọjọ́ mélòó kan léraléra. Ìyàwó aláìsàn á ra ti ọjọ́ kìíní, á yáwó ra ti ìkejì. Lọ́jọ́ kẹta á dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, á máa pe ẹbí lórí fóònù. Bí owó kò bá dé, abẹ́rẹ́ dúró lágbedeméjì nìyẹn, kòkòrò tó ti ń kú lọ á sì tún gbérí. Látìgbà tí ilé-iṣẹ́ GSK, tó ń ṣe oògùn apakòkòrò Augmentin, ti kéde ní 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó oògùn náà ti lé kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò lè ra odindi ń ra ìdajì káàdì. Àwa ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí.

Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Kòkòrò tó gbó sínú yàrá àwọn tó jóná lè bá ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí, kó sì bá ọmọ tuntun níbẹ̀.

Èrò tiwa ni pé oògùn tó túbọ̀ le kọ́ ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ máa wá. Kí omi máa yọ nínú yàrá ìtọ́jú ìjóná ní gbogbo ìgbà, kí ọṣẹ wà níbẹ̀. Kí láàbù lè sọ irú kòkòrò tó wà lójú ọgbẹ́ àti oògùn tó ká a, nítorí pé àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ìjóná kò fọwọ́ sí i kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tó jóná ní oògùn apakòkòrò láìtíì rí àmì àrùn. Kí wọ́n tètè gé awọ tó ti kú kúrò, kí wọ́n fi awọ tó yè láti ibòmíràn lára dípò rẹ̀, kí aláìsàn má dùbúlẹ̀ fún oṣù kan kó máa dúró de owó iṣẹ́ abẹ. Òfin ètò adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Kí wọ́n san owó ìtọ́jú ìjóná láti inú rẹ̀. Nàìjíríà ni wọ́n yàn láti gbàlejò ìpàdé àwọn mínísítà àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ ní 2026. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kà níbẹ̀ ni iye yàrá ìjóná tó ní omi.

Òfin kò gba oníkẹ́míìsì àdúgbò láyè láti máa ta oògùn apakòkòrò, gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n ń tà á. A ò ní kí ìjọba ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, torí ní abúlé mìíràn àwọn nìkan ló wà. Kí wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí ẹni tó bá sáré wá ra kápúsù nítorí ìjóná gbọ́ ọ̀rọ̀ omi lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin òbí, bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ọmọ yín, ẹ gbé ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má lo yìnyín. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má da nǹkan kan sí i.