Ifá Kò Bẹ̀rù Àyẹ̀wò



Ọ̀rọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn kan nínú wa ní Fọlá Agoro àti gbogbo agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà. Wọ́n ní àfojúdi sí àwọn àgbà ni kí a gbé egbòogi wa fún dókítà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò bá ìlànà Ifá mu.

Ẹ wo ìbò. Bí odù bá ti hù, babaláwo kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ire ni tàbí ibi. Ẹni tó wá dífá ni yóò pa owó ẹyọ àti egungun mọ́ ọwọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Awo kò mọ èyí tó wà nínú ọwọ́ wo. Ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni yóò tọ́ka sí ọwọ́ tí a ó ṣí. Àwọn àgbà ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ohun tí awo ń fẹ́ nínú ara rẹ̀ má baà yí ìdáhùn padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣègùn òde òní ń ṣe. Wọ́n á pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan á gba oògùn, apá kejì á gba ohun tó jọ oògùn tí kò ní agbára kankan. Aláìsàn kò ní mọ èyí tí òun ń lò, dókítà náà kò ní mọ̀, títí èsì yóò fi jáde.

Egbòogi ilẹ̀ wa sì ti yege nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Reverend Ògúnyalé láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé egbòogi fòníkú-fọ̀ladìde ilé wọn lọ fún NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Ní ọdún 2001, èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 82 jáde: ìrora líle dínkù, kò sì pa kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ lára. Ní 2006, ó dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ṣùgbọ́n gbèsè wọ Xechem, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, lọ́rùn ní 2008, oògùn náà sì di àwátì. Gbèsè ló dá a dúró, kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ìyẹn ṣì ń dùn wá. Ní December 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ṣe láti orísun rẹ̀. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye rẹ̀ fún ẹnì kan. Ilé wo ní Bàrígà ni yóò san án?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà kí wọ́n má baà jí ìmọ̀ wọn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Ìwé àdéhùn ni oògùn rẹ̀: ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ kí ewé tó kúrò nílé. Ẹni tó bá sì kọ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n yẹ àgbo òun wò, kó má ṣe sọ fún ìyá ọmọ pé ó ń wo fòníkú-fọ̀ladìde sàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí àgbo tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò dá oògùn ọsibítù dúró. Hydroxyurea wà. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 220 ní Kánò àti Kàdúná, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, ìwọ̀n kékeré àti ìlọ́po méjì rẹ̀ kò yàtọ̀ síra ní ti dídènà rọpárọsẹ̀. Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH àti Sickle Cell Foundation ti kọjú síra, kò jìnnà sí wa.

Kí a tó fọmọ fọ́kọ, a máa ń bi Ifá. Ẹ jẹ́ kí a máa bi ẹ̀jẹ̀ náà. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ifá tó fi ìbò lé ọwọ́ oníbèéèrè kò bẹ̀rù ìbéèrè.