Ibi Tí Orin Ti Ń Jáde Ni Ká Kà

Nígbà tí Keith Richards, onígìtá ẹgbẹ́ Rolling Stones, gbé ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní 2010, oògùn olóró àti èébú tó bu Mick Jagger, akọrin ẹgbẹ́ náà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo. Ní tèmi, ibòmíràn ni adùn ìwé náà wà. Richards ṣàlàyé bí òun ṣe yọ okùn kan kúrò lára gìtá, tó sì yí ohùn okùn márùn-ún tó kù kí wọ́n lè bára mu láìtíì fi ìka tẹ ọ̀kankan. Ó tún sọ bó ṣe ta gìtá tí kò lo iná sínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì Philips kékeré, tí ohùn náà pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Wọ́n wá gbé ohun tí kásẹ́ẹ̀tì gbà gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì tún un gbà sílẹ̀ ní situdíò. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ohùn “Street Fighting Man” ti 1968. Ẹni tó ti ń rò pé gìtá oníná ló ń bú bẹ́ẹ̀ yóò padà lọ tún orin náà gbọ́, etí rẹ̀ yóò sì là. Ìwé olórin tó bá ṣe èyí fún wa ló yẹ ká náwó lé.

Ẹlòmíràn á ní ìbòmọ́lẹ̀ ni mò ń wá, pé ayé olórin ju gìtá lọ. Òótọ́ ni pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni ọdún 42 ni olórin Elvis Presley nígbà tó kú ní 1977, ẹni tó bá sì kọ̀wé nípa rẹ̀ tó fo ọ̀rọ̀ oògùn, irọ́ ló pa. Àmọ́ ẹ wo ìwé tí Albert Goldman kọ nípa rẹ̀ ní 1981: ẹ̀gàn ló fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Peter Guralnick náà kò fi oògùn pamọ́ nínú ìwé tirẹ̀ méjèèjì, ti 1994 àti ti 1999. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ mú wa wọ situdíò Sun ní Memphis, oṣù keje 1954, níbi tí ọmọkùnrin náà ti ń fi orin Arthur Crudup ṣeré lásìkò ìsinmi, tí Scotty Moore onígìtá àti Bill Black tó ń ta báàsì dára pọ̀ mọ́ ọn, tí Sam Phillips tó ni situdíò náà sì ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. A ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ Elvis ká tó rí bó ṣe bọ́, ìdí nìyẹn tí ikú rẹ̀ fi ń dunni nínú ìwé Guralnick.

Àwọn kan tún ń sọ pé akọ̀wé ló ń bá àwọn olórin kọ ìwé wọn. James Fox bá Richards kọ tirẹ̀ lóòótọ́. Michael Veal náà bá Tony Allen, onílù Fela, kọ èyí tó jáde ní 2013. Nínú rẹ̀ ni Allen ti sọ bí òun ṣe ka ẹ̀kọ́ Max Roach nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan, nípa àwo irin méjì tí ẹsẹ̀ òsì ń pa pọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ onílù Èkó ìgbà náà kò kà sí. Veal lè tún gbólóhùn tò. Ohun tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe nígbà tí ọwọ́ méjèèjì wà níbòmíràn, ẹni tó jókòó sídìí ìlù ló lè sọ ọ́ fún un.