Ìṣirò Tó Wà Nílé Kí Tísà Lẹ́sìn Tó Dé

Òbí tó bá rí i pé ọmọ òun ń gba òdo nínú ìṣirò, tísà lẹ́sìn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Bó ṣe rí ní Àjàgbà àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìbàdàn àti Èkó. Tísà á dé nírọ̀lẹ́, ọmọ á máa ka ìsọdipúpọ̀ lórí bí odídẹrẹ́, owó á lọ, ìbẹ̀rù ìṣirò á sì wà níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó ní kí òbí má wá olùrànlọ́wọ́. Àmọ́ ìṣirò tí ọmọ lè fi ṣeré, tí ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ti wà nílé kí tísà tó kan ilẹ̀kùn. Òbí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e fún un.

Ẹ wo ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń ta á rí i pé ẹyọ kan ló kù nínú ihò kẹta alátakò rẹ̀. Ihò ìkángun tòun ní mẹ́ta nínú. Mẹ́ta yẹn á parí síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀kan á di méjì, á sì jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ihò tó ṣìkejì ìkángun ló fẹ́ tú, mẹ́rin ni yóò nílò. Bí òun ti jẹ 19, tí ìyá àgbà ti jẹ 17, mélòó ló ṣẹ́ kù lórí ọpọ́n? Kò nílò bírò láti dáhùn pé 12 ni, bí ẹnikẹ́ni bá sì jiyàn, kí wọ́n kà á. Ìyá àgbà tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè jẹ́ olùkọ́ tó dára jù lọ nídìí ọpọ́n yìí.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé lásán ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amsterdam. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Vrije Universiteit, yanjú awari, ọmọ ìyá ayò tí wọ́n ń pè ní oware ní Gánà. Onírúurú ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà lórí ọpọ́n, tí kọ̀ǹpútà wọn yẹ̀ wò, lé ní bílíọ̀nù 889. Èsì wo ló jáde? Bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ayò ta rárá, ọ̀mì ni. (Kò tíì sẹ́ni tó rí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi kankan.)

Ọjà náà tún wà níbẹ̀. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, nítorí Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ mẹ́jọ òní ṣe jẹ́ ọjọ́ méje sí i. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ìgbà wo ni yóò tún bọ́ sí i? Kí ìyá da ìbéèrè yìí sílẹ̀ nídìí ààrò tí púpurú wà lórí rẹ̀, kó má sì dáhùn. Ọmọ kan á fi èédú fa ìlà sára ògiri: mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá; ìkejì á máa fi ìka ka méje méje. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kà, títí wọn yóò fi pàdé ní 28. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ ti mọ ohun tí olùkọ́ ń bọ̀ wá pè ní LCM.

Ìtàn owó ẹyọ náà wúlò. Ogójì owó ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Adolphus Mann, ajíhìnrere tó gbé ní Ìjàyè, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí ẹni tó ń kà á ṣe ń fa márùn-ún márùn-ún lọ́wọ́ kan: ogún irú rẹ̀ di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ekùrọ́ kì í wọ́n nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n ka kóńgò kan bẹ́ẹ̀, kí àbúrò ka tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣìkà.

Lóòótọ́, òǹkà Yorùbá yìí le. Márùndínláàádọ́ta gba kí ọmọ mú ọgọ́ta, kó yọ mẹ́wàá, kó tún yọ márùn-ún, WAEC kò sì ní bi í. Ṣùgbọ́n yíyọ yẹn gan-an ni ìṣirò. Iṣẹ́ àyẹ̀wò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn; wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí ètò fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní 2022 ló tún fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Ó wá ku ilé.

Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Muhammad al-Kishnawi, ọmọ ilẹ̀ Katsina tó kú sí Cairo ní 1741, kọ̀wé lédè Lárúbáwá lórí bí a ṣe ń to nọ́ńbà sínú ilé onígun mẹ́rin kí gbogbo ìlà lè dọ́gba. Kí ọmọ fa ilé mẹ́sàn-án sórí yanrìn, kó to 1 dé 9 kí ìlà kọ̀ọ̀kan, lóòró, níbùú àti ní ìdábùú, jẹ́ 15. Àárùn-ún nìkan ló lè jókòó sáàárín. Kí bàbá bi í ní ìdí, kó sì fún un láyè.

Òbí tó bá mú pàṣán wá sídìí eré yìí ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ dán an wò, kó má dúró de ọpọ́n gbígbẹ́: ihò méjìlá nílẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ 48 ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ta.