Ẹsẹ̀ Ò Gbọdọ̀ Gbàgbé Búrékì

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ oníná mànàmáná ń jiyàn: ṣé pẹ́dà kan tó, àbí méjì? Nínú oní-pẹ́dà-kan, bí awakọ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà eré, mọ́tọ̀ tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀. Á máa dín eré kù, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Nissan gbé e sínú Leaf ní 2017, ó pè é ní e-Pedal. (Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ bá wa wá orúkọ Yorùbá fún un.)

Mo gbà pé ó dára nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó: ẹsẹ̀ á sinmi, búrékì ò ní tètè jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Òtu ni mí. Bí màlúù bá já sí títì lójijì, búrékì lèèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ á kọ́kọ́ máa wá a. Bí bátìrì bá sì kún, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdádúró yẹn á dínkù, torí iná ò ríbi wọ̀.

Ta ló tilẹ̀ ń wa ọkọ̀ kan ṣoṣo? Ẹni tó fi oníná kọ́ ọkọ̀ l'Ékòó ṣì máa wa Camry bàbá rẹ̀ wálé ọdún, tàwọn ti èrò lẹ́yìn. Ìyẹn ò ní dúró nítorí pé ó gbẹ́sẹ̀ sókè.

Pẹ́dà méjì ni kí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tuntun ló ń bà mí lẹ́rù, kó wa ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Òtu nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn darandaran ń kó ẹran sọdá.